Adágún Omi Tí Ó Gba Ẹtu Là

Ṣàṣà ni agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a kò ti lè rí ẹnì kan tí baba rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ gbé ilẹ̀ Àṣáńtì rí. Kí ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ ní ojú títì ni àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà Kùmásì. Wọ́n ta aṣọ níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó ìjọ Onítẹ̀bọmi jọ ní ilẹ̀ náà, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Gòlú Kóòsì, tí orúkọ Gánà kò tíì dé. Nítorí náà, bí mo bá mú ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n lọ sí etí omi kan ní ilẹ̀ Àṣáńtì nínú ìwé ìròhìn ti ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé mo kó òun lọ sí ilẹ̀ tí kò kan òun.

Bosomtwe ni orúkọ omi náà. Ó wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kùmásì, ní ìhà gúúsù òun ìlà-oòrùn, ó sì rí róbótó bí ẹnu àwo, tí òkè yí i ká ní gbogbo ọ̀nà. Láti etí kan dé èkejì tó nǹkan bí 8 kìlómítà; ní àárín gbùngbùn, jíjìn rẹ̀ ju 70 mítà lọ. Kò sí odò kan tí ó ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Òjò àti àwọn ìṣàn kéékèèké tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara òkè ni ń bù sí i, oòrùn ni ó sì ń bù ú kúrò. Nítorí náà, bí òjò bá pọ̀ fún ọdún mélòó kan, omi a gòkè, bí ọ̀dá bá sì dá, omi a fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú.

Ìyá mi ni ó fà á tí a fi lọ. Kùmásì ni a bí i sí ní 1955. Baba rẹ̀, tí í ṣe díákónì, ń ta aṣọ ní ọjà ìlú náà, ìyá mi sì ti ń fi èdè Twi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré kí ó tó mọ ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní 1967, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kó àwọn ọmọ lọ sí etí Bosomtwe láti gba afẹ́fẹ́ àti láti jẹun. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń gbọ́ ìròhìn ọjọ́ náà: ìrẹsì tí wọ́n fi ewé dì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jókòó lórí pákó láàrin agbami tí wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ wà á, àti ìtàn kan tí olùkọ́ wí pé kí wọ́n má ṣe fetí sí, èyí tí ó mú kí gbogbo wọn na etí sílẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, àṣẹ jáde pé kí àwọn àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti àwọn tí a bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ ilẹ̀ mìíràn. Ìyá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kì í sọ púpọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó máa ń wí ni pé ọbẹ̀ wà lórí iná ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ dé, ìyá rẹ̀ sì gbé ìkòkò náà tòun ti ooru rẹ̀ fún obìnrin Àṣáńtì tí ó wà ní ojúlé kejì, pé kí ó bá wọn jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà kò fi ẹsẹ̀ tẹ Kùmásì mọ́ títí di ọdún tí ó kọjá.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni a gbéra: èmi, aya mi, ọmọ wa ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Màmá. Èmi kì yóò fi ìròhìn ọ̀nà dá yín dúró. Ẹni tí ó bá ti Èkó gba Sèmè, tí ó la Kùtọnù àti Lómè kọjá, mọ iye ìgbà tí a ó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dé Accra. Sùúrù ni ẹrù tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dì. Kùmásì ni a sùn sí ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Mo rò pé Màmá yóò wí pé kí a mú òun lọ wo ilé baba òun. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Omi nì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ wò.”

Láti Kùmásì, ọ̀nà gba Kuntanase kọjá, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láàrin oko àti igbó, tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé etí àwo ńlá kan ni òun ń gùn. Lójijì ilẹ̀ já sílẹ̀ níwájú, omi sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó dúdú díẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lórí àwọn òkè òdìkejì. Àwọn ọmọ hó yèè. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

Abono ni orúkọ abúlé tí ọ̀nà náà já sí. A san owó ẹnubodè, a sì wọlé. Ibi ìgbafẹ́ ni Abono jẹ́ fún àwọn ará Kùmásì. Ní ọjọ́ ìsinmi àwọn ọ̀dọ́ a wá pẹ̀lú oúnjẹ àti orin, wọ́n a lúwẹ̀ẹ́, wọ́n a gun ẹṣin, wọ́n a sì wọ ọkọ̀ ẹ̀rọ kiri ojú omi. Ẹja díndín àti báńkú wà ní títà, ata rẹ̀ kò sì kéré. Ohun kan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn orin jáde, tí wọ́n tò sí etí omi, tí ọ̀kan ń ké tí èkejì ń dá a lóhùn. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ ariwo, kí ni ó fi ọjà Kùmásì sílẹ̀ ṣe? A gbé ẹní àti agbọ̀n oúnjẹ wa, a rìn lọ sí ibi tí ariwo náà kò dé, lábẹ́ igi kan, atọ́nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í ṣe ọmọ abúlé náà, sì tẹ̀lé wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwa fi ń bá a sọ̀rọ̀, Màmá a sì máa fi Twi bọ́ sí i.

Níbẹ̀ ni ọ̀ràn kékeré kan ti ṣẹlẹ̀. Aya mi mú abọ́ irin lọ́wọ́, ó ń lọ bu omi láti fi ṣan ọwọ́ àwọn ọmọ. Kí atọ́nà tó la ẹnu, Màmá ti ké sí i.

“Ìyàwó wa, má fi irin kàn án. Igbá ni kí o fi bù ú.”

Ẹnu ya atọ́nà. Ní tòótọ́, òfin àtijọ́ ibẹ̀ ni pé irin tàbí idẹ kò gbọdọ̀ kan omi Bosomtwe: a kì í fi ìkòkò irin bù ú, a kì í fi ìwọ̀ irin pẹja nínú rẹ̀, a kì í sì í gbé ọkọ̀ tí a fi ìṣó kàn sórí rẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀rọ àwọn olùgbafẹ́ ti ré òfin náà kọjá, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń pa á mọ́. Aya mi, tí a tọ́ dàgbà nínú ilé ajíhìnrere, kò fẹ́ gba èyí bẹ́ẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n òrìṣà wọn ni a ń júbà fún yẹn. Ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́ ni?”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Bí a bá dé ilé onílé, tí wọ́n ní kí a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí mo sì bọ́ ọ, ṣé mo ti bọ bàtà nìyẹn?”

Aya mi kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó sì lọ yá igbá. Ní alẹ́, nígbà tí a padà sí ibi tí a wọ̀ sí, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, pé ìyàtọ̀ wà láàrin bàtà àti omi òrìṣà, àwa méjèèjì sì sọ ọ́ títí òru fi jìn. Mo mọ̀ pé nínú ilé púpọ̀ tí a ó ti ka ojú ìwé yìí ni a ó ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni atọ́nà pa ìtàn náà fún wa. Ó ní ní 1648, ọdẹ kan láti Asaman, Akora Bompe ni orúkọ rẹ̀, ṣe ẹtu kan léṣe nínú igbó. Ẹtu náà sá, ọdẹ ń lé e. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹtu kó sínú ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré kan láàrin igbó, omi sì pa dé lé e lórí. Ọdẹ dúró títí, kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹja wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀ náà. Ó pa àgọ́ síbẹ̀, ó di apẹja, ó sì sọ ibẹ̀ ní Bosomtwe, nítorí “bosom” ni òrìṣà ní èdè wọn, “otwe” sì ni ẹtu. Lẹ́yìn náà Àṣáńtì àti Akyem jagun nítorí omi náà, ọwọ́ Àṣáńtì ni ó sì kù sí.

Ọmọ wa obìnrin kò bìkítà fún ọdẹ. “Ẹtu náà ńkọ́?” ni ó bèèrè. “Ṣé ó kú sínú omi ni?”

Atọ́nà ní kò sí ẹni tí ó rí òkú rẹ̀.

“Kò kú,” ni Màmá wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. “Wọ́n lé e, ó sì rí ibi sá sí.”

Ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré, ni ìtàn wí. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi tí ó tẹ́ lọ ní kìlómítà mẹ́jọ lè wí pé àwọn apìtàn ni ó sọ agbami di ọ̀gọ̀dọ̀ kí ìtàn lè dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ ọkọ̀ ní ọ̀sán, a dé ibi tí orí àwọn igi gbígbẹ ti yọ jáde láti inú omi, wọ́n funfun bí egungun, wọn kò ní ewé. Igi inú igbó ni wọ́n, kì í ṣe igi etí odò, ibi tí gbòǹgbò wọn sì wà jìn sísàlẹ̀ tó 15 sí 20 mítà. Igi igbó kì í hù nínú omi tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti dàgbà.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ igi wọ̀nyí àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà wò, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2009, fi hàn pé láti nǹkan bí 1400 títí di 1750, ọ̀dá ńlá kan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó pẹ́ ju ti ayé àwa lọ. Adágún náà fà gidigidi, igbó sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé omi. Nígbà tí òjò padà, omi gòkè, ó sì rì àwọn igi náà lórí ìnàró. Ẹ wá wo 1648 tí atọ́nà pè. Àárín ọ̀dá náà ni ó bọ́ sí. Ọdẹ tí ó bá dé ibẹ̀ ní ìgbà náà yóò bá omi tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí àwa rí, tí igbó sì yí i ká. Èmi kò lè búra fún ọdún náà, àwọn tí ó fi í lé wa lọ́wọ́ kò sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni gé igi náà wò ni àwọn ènìyàn tí kò ní ìwé ti ń wí lẹ́bàá iná pé omi yìí kéré nígbà kan rí, wọ́n sì wí òtítọ́. Abúlé tí omi ti lé lọ sókè ní ayé àwọn baba wọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Ìtàn kejì kan ẹ̀tù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sókè fún àwọn ará ilé, ẹ kíyè sí àmì ohùn: ẹtu ni ó wọ inú omi lọ, ẹ̀tù ni ó ń dún láti inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìgbà mìíràn wà tí òrìṣà omi náà máa ń yin ẹ̀tù rẹ̀. Òórùn bí ti ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn a gba etí omi, ẹja a sì léfòó lọ́pọ̀lọpọ̀, òmíràn ti kú, òmíràn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tọmọdé tàgbà a gbé agbọ̀n, wọ́n a máa kó o. Ọ̀gbẹ́ni R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn Àṣáńtì jáde ní 1923, kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tù yìí sílẹ̀.

Ó rọrùn láti fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí omi náà lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dàpọ̀. Òkè lọ́ wọ́rọ́wọ́, ẹja sì ń rí èémí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ tutù jù ú lọ, ewé àti ohun òkú ń jẹrà síbẹ̀, kò sí èémí fún ẹja, afẹ́fẹ́ búburú tí ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ ni ó kún un. Ní ìgbà òtútù, bí irú oṣù Kẹjọ tàbí àsìkò ọyẹ́, omi òkè a tutù, a wúwo, a sì rì, ti ìsàlẹ̀ a dìde. Ẹja tí ó bá sì bá a pàdé, ó di ti agbọ̀n. Imí ọjọ́ wà nínú ẹ̀tù ìbọn, imí ọjọ́ náà ni ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ búburú yìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wí pé ẹ̀tù ni kò ní ẹ̀rọ kankan ju imú rẹ̀ lọ, imú náà kò sì purọ́.

Bí adágún náà ṣe dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó dùn mọ́ ọmọkùnrin wa jùlọ. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta rò pé òkè oníná ni ó gbẹ́ kòtò náà. Ní 1931 Maclaren mú un wá pé ohun kan láti ojú ọ̀run ni ó jábọ́ síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1960 a sì rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú òkúta tí ó wà yí i ká, irú èyí tí ìlù líle nìkan ń ṣe. Ní nǹkan bí 1,070,000 ọdún sẹ́yìn ni òkúta ńlá náà já, ó sì dá kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ ju 10 kìlómítà lọ. Àwọn ẹ̀fọ́ òkúta tí ó yọ́ bí dígí fò títí dé ilẹ̀ Ivory Coast, a sì ń rí wọn he níbẹ̀. Ní 2004 àwọn onímọ̀ gbẹ́ ihò wọ ilẹ̀ abẹ́ adágún náà láti ka ìtàn òjò àti ọ̀dá nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, ní 2016 sì ni àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí ó yẹ kí ayé pa mọ́. Èyí tó fún ìmọ̀ ìwé. Pákó ni ọkàn ọmọ náà wà.

Padua ni wọ́n ń pe pákó náà. Ìtì igi fífúyẹ́ kan ni, tí a gé pẹlẹbẹ. Kò ní ìṣó, kò ní ẹ̀gbẹ́, kò ní àjẹ̀. Apẹja a jókòó lé e tàbí kí ó dojú bolẹ̀ lé e, a sì fi ọwọ́ méjèèjì wà á. Bàbá àgbà kan ń ti ibi àwọ̀n rẹ̀ bọ̀, ó jókòó lórí tirẹ̀ bí ẹni jókòó lórí àpótí nínú yàrá. Ó gbà fún ọmọ wa láti dán an wò níbi tí omi kò ti mu ún dé àyà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni pákó náà dà á nù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà ó dúró lórí rẹ̀ tó bí ẹni ka ogún. Àbúrò rẹ̀ ni ó kà á, ó sì yára kà á.

Màmá kí bàbá náà ní èdè Twi, ó pè é ní Nana gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe àgbà níbẹ̀. Bàbá náà gbọ́ nǹkan kan nínú ohùn rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì dáhùn ní èdè Yorùbá: “Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!”

Agége ni ó gbé rí. Ó ṣe iṣẹ́ bíríkìlà níbẹ̀ títí di oṣù Kìíní 1983, nígbà tí àṣẹ jáde ní Nàìjíríà tiwa pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fún àwọn náà.

Àwọn méjèèjì jókòó lórí padua tí a fà sórí iyanrìn. Twi ni wọ́n ń sọ jù, ìwọ̀nba tí wọ́n bá fi Yorùbá là ni èmi ń gbọ́. Ó ka ohun tí ó fi sílẹ̀ ní Agége: irinṣẹ́ rẹ̀, rédíò kan, owó oṣù kan tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ ẹ́. Màmá sọ ti ìkòkò ọbẹ̀. Bàbá náà bèèrè pé ọbẹ̀ kí ni.

“Ẹ̀gúsí,” ni Màmá wí.

“Ẹ̀gúsí gbígbóná!” Ó mi orí rẹ̀ títí, bí ẹni pé gbogbo àdánù yòókù kò tó ìyẹn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Aya mi yí ojú rẹ̀ sí òdìkejì.

Ó ní nígbà tí òun dé ilé ní 1983, ọ̀dá dá, iná ń jó igbó àti oko, oúnjẹ sì wọ́n ní gbogbo Gánà. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́lé, nítorí náà kò sí iṣẹ́ bíríkìlà. Òun gé igi, òun gbẹ́ padua bí baba òun ti ń ṣe, omi yìí ni ó sì bọ́ òun àti aya òun àti ọmọ méjì ní ọdún náà. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ òun, kò sì béèrè owó.

Mo bi í léèrè nípa òfin irin. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ìjọ, òun kò sì bọ omi. Ṣùgbọ́n ẹja tí òun ń pa nígbà náà tóbi ju èyí tí òun ń pa nísinsìnyí lọ, àwọ̀n ọ̀rá olójú híhá ti ń kó ọmọ tòun ti ìyá. Mo rò ó wò. Ẹni tí ó bá dojú bolẹ̀ lórí pákó kan, tí kò ní ìwọ̀, tí kò ní ọkọ̀, ẹja tí pákó náà lè gbé nìkan ni yóò gbé lọ sílé. A tún sọ fún wa pé ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ òrìṣà náà, a kì í sì í pẹja nínú rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ẹja ibẹ̀ ti ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ kí míṣọ́nnárì kankan tó dé Kùmásì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí òfin wọ̀nyí parẹ́ nítorí pé orúkọ òrìṣà wà lára wọn, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò fi rọ́pò wọn kí ẹja tó tán. Irú ẹja kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú omi mìíràn ní gbogbo ayé.

Ìdílé tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó yan àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn olórin kò tíì ti Kùmásì dé. Ẹ mú aṣọ òtútù díẹ̀ fún òwúrọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ àárín òkè náà tutù. Ẹ mú igbá.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Màmá ní òun yóò ra ẹja lọ́wọ́ bàbá náà. Mo rò pé lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rín àti omijé yẹn yóò san ohun tí ó bá pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́jà ni. Ó yọ gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó sì fi Twi dúró lórí owó náà títí àwọn ọmọ fi sùn lórí ẹní. Bàbá náà ní bí òun ti ń tà á fún gbogbo àlejò tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá nìyẹn.

“Nana,” ni Màmá wí, ó sì fi Yorùbá sọ eléyìí kí àwa náà lè gbọ́, “ṣé àlejò ni ẹ pè mí?”

Bàbá náà dín cedi márùn-ún, ó sì fi ẹja kékeré méjì ṣe èènì.